Wọ́n Ní Ìbùkún Kò Mọ Òǹkà

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Wọ́n ní Ìbùkún kò mọ òǹkà. Ọmọ mi! Ọmọ ọdún mẹ́fà tó máa ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù bí mo bá ń dirí, tó máa ń sọ fún mi pé, "Màámi, ojú irun apá ọ̀tún ku ọ̀kan kó tó bá ti òsì dọ́gba." Òun ni Tátà Barakatou, olùkọ́ rẹ̀, fi bíìkì ìkọ̀wé pupa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: Ne sait pas compter. Ó wá fa ìlà méjì sí i nídìí, bí ẹni pé ojú mi fọ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹsàn-án. Yóò tún matẹnẹ́ẹ̀lì, kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ṣe, yóò máa jókòó láàárín àwọn ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára. Àfi bó bá yege nínú ìdánwò tí dìrẹ́tọ̀ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa ṣe fún un lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án.

Mo ní, "Tátà, kí lẹ bi í tí kò mọ̀?"

Ó ní, "Màmá Ìbùkún, ìbéèrè mẹ́ta péré. Mo bi í ní Faransé, mo bi í ní Gun, mo tún ní kí ẹni tó gbọ́ Nàgó yín bá mi bi í. Ó kàn ń wò mí ni."

Ó yẹ kí n béèrè pé ìbéèrè wo. Inú ti bí mi, n kò béèrè. Mo fi ọwọ́ kan di ọmọ mi mú, mo fi èkejì di ìwé, òjò sì pa wá láti ibẹ̀ dé Houinmè, àdúgbò wa. Ọlọ́kadà tí mo dá dúró ní òun yóò gba ìlọ́po méjì nítorí òjò. Mo ní kó máa lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Augustin ọkọ mi ka ìwé náà láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, ọdún kan kì í ṣe nǹkan." Ọdún kan kì í ṣe nǹkan! Kí ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan ná, ká wò ó bóyá nǹkan ni.

Mo lọ sí ọjà Ouando, mo ra síléètì àti ẹfun ìkọ̀wé. Síléètì tó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún lọ́dún tó kọjá ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Obìnrin tó tà á fún mi ní ọmọ ọdún mẹ́fà ò nílò kó mọ òǹkà, ó nílò kó ṣeré. Mo ní kó fún mi ní ṣéńjì mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

A bẹ̀rẹ̀. Mo da ẹ̀wà sórí ẹní, mo ní, "Ka mẹ́rìndínlógún fún mi." Ìbùkún ka ogún, ó tò ó gbọọrọ, ó wá mú mẹ́rin níbẹ̀, ó dá a padà sínú igbá.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kọ́kọ́ ka ogún?"

Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ ní kí n dín mẹ́rin."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka nǹkan láyé mi, n kò fetí sí ohun tí ẹnu mi ń wí rí. Mo ní kó kà á ní Faransé, ó ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan dé seize, ó dúró síbẹ̀, kò dá ọ̀kan padà. Ọmọ tó mọ̀ pé ibi tí Nàgó ti ń dín, Faransé kì í dín, òun náà ni wọ́n ní kò mọ òǹkà. Tátà Barakatou ni ó yẹ kó wá jókòó sórí ẹní yìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Favour, ará Èkó tó yá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wá dirí. Ìbùkún ló ka gbogbo ojú irun fún mi: méjìdínlógún. Ó ní bí n bá ń dì í ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni màá sinmi. Favour fẹ́rẹ̀ẹ́ já kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, èyí ni wọ́n ní kò mọ nǹkan kan? Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé yín lọ síléèwé yẹn." Bí kì í bá ṣe pé mo mọ ẹnu Favour ni, ǹ bá mú un lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló bí mi nínú. Mo ní kí Ìbùkún yọjú síta kó wo iye èèyàn tó ń dúró dè mí. Ó yọjú, ó padà, ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀." Mo ní mélòó? Ó ní, "Bẹ́ǹṣì kún, Màámi." Mo ní ọ̀lẹ ni. Ó ń ka irun orí, kò lè ka orí fúnra rẹ̀.

Àìkú, ogúnjọ́

Augustin ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sádùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní mo ti fi sí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló fi bíìkì pupa kọ̀wé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu yí ká àdúgbò. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú kàyé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ kí mi dáadáa. "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ ní?"

Mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni mò ń sìn ni?"

Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ iye wọn sílẹ̀. Mo ní kó kán ti Báyọ̀, àbíkẹ́yìn mi, tó wà níwájú rẹ̀, àwọn tó kù ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ó tún bi mí! Mo ní, "Àbúrò, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé wọn kò kọ́ yín nílé ni?" Ó kán ti Báyọ̀, ó fi ẹfun sàmì sára ìlẹ̀kùn mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó lọ. Ìbùkún wà lẹ́yìn mi tó ń jẹ àgbàdo. Àwọn ọmọ ayé òde òní, ìwé ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ̀wà hù.

Ẹtì, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Àjọ̀dún òmìnira. Ìbùkún ka àsíá láti ilé wa dé ọ̀dọ̀ alágbàdo: mẹ́tàlélógójì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò ti dá, eruku ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí mo ní kí Ìbùkún to bàtà ẹnu ọ̀nà wa ní méjì-méjì, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n máa ń bi wọ́n ní ìlọ́po méjì ní CI. Ó tò ó dáadáa: ti bàbá rẹ̀, tèmi, ti Dàpọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tirẹ̀, ti Báyọ̀. Ó ní, "Bàtà mẹ́wàá. Méjì-méjì lọ́nà márùn-ún." Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo wọlé lọ wo ọbẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, ó ti to òmíràn tì í, bàtà pupa kékeré. "Màámi, ó ti di ọ̀nà mẹ́fà."

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pariwo débi pé Favour yọjú láti ojú fèrèsé. Bàtà Ọlẹ́wà ni, ọmọ mi kejì. Inú páálí lábẹ́ ibùsùn mi ló máa ń wà. Ìbùkún wà nínú mi nígbà tí Ọlẹ́wà wọ bàtà yẹn kẹ́yìn, kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan páálí yẹn mọ́ láyé rẹ̀. Ó sunkún. N kò bẹ̀ ẹ́. Ọbẹ̀ jóná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti sú mi. Mo gba ilé Tátà Barakatou lọ, mo ní kó fi ìwé ìdánwò náà hàn mí. Ó fún mi ní ọ̀kan. Mo sì rí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wàyí. Àkọ́kọ́, àwòrán àwọn ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ igi máńgòrò: ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Èkejì: ọmọ mélòó lẹ jẹ́ ní kíláàsì yín? Ẹ̀kẹta: ọmọ mélòó ló wà nílé yín? Ọmọ, ọmọ, ọmọ! Ṣé kò sí ọsàn ní Porto-Novo tí wọ́n lè ní kí ọmọ kà?

Tátà tọ́ka sí àwòrán náà, ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín, mẹ́fà ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta gan-an yóò rí i." N kò wò ó. Mo ká a, mo fi sápò.

Mo délé, mo tẹ́ ẹ síwájú Ìbùkún. Ó ka máńgòrò orí igi: mọ́kànlá. Ó ka ẹyẹ, ó ka ẹsẹ̀ ajá. Mo ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka máńgòrò. Mo tún bi í. Ó tẹjú mọ́ mi bí Tátà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo ní, "Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Wọn kì í ka ọmọ."

Mo dìde dúró. Wọn kì í ka ọmọ! Ta ló kó èyí sí ọmọ mi lórí? Mo mọ ẹni tó jẹ́. Ìyá Augustin ni, ní Avrankou, níbi tí Ìbùkún ti lo ìsinmi Àjíǹde. Èèwọ̀ ayé àtijọ́ ló fẹ́ mú ọmọ mi jókòó sí matẹnẹ́ẹ̀lì. Lọ́túnla, màá tọ̀ wọ́n lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti Avrankou dé.

Ìyá ọkọ mi jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n ń pa ẹ̀pà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo béèrè ara wọn, mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. N kò ṣàìmọ ìwà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá sọ ọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ Ìbùkún pé wọn kì í ka ọmọ. Nítorí rẹ̀ ni wọn kò ṣe fẹ́ kó wọ CI."

Wọn kò gbójú sókè. "Èmi? Ohun tí mo kọ́ ọmọ yẹn ni pé kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyẹn nìkan ni mo kọ́ ọ."

"Ìyá, ta ló wá kọ́ ọ?"

Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, wọ́n wò mí. "Ìyàwó mi, ṣé èmi ni mo gbá a lẹ́nu nílé Favour lọ́jọ́ ìkómọ? Mo jókòó tì yín. Ọmọ náà ń ka àwọn ọmọ Favour pé ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó sì fẹ́ fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọwọ́ rẹ ló kọ́kọ́ kàn án lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ yọ léyín rẹ̀. Mo ní ó pọ̀ jù, o ní kí n má dá sí i."

Mo gbọn eruku kúrò lórúnkún. Wọ́n bu ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún mi, wọ́n ní kí n gbé e fún Ìbùkún, kó kà á. Ìyá yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn láìmú abẹ́rẹ́ dání.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rántí gbogbo rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni ìkómọ yẹn. Mo rántí bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó sunkún díẹ̀, ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, mo rò pé ó ti gbàgbé. Èmi ni mo gbàgbé. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í léèrè ọmọ níléèwé, tí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mo sì fi gbogbo oṣù keje bú ẹlòmíràn.

Kí n sì sọ òótọ́ nínú ìwé ara mi. Obìnrin kan ló kà wá ní Ouando lọ́jọ́ kan. Mo fa Dàpọ̀ lọ́wọ́, mo pọn Ọlẹ́wà, oyún Ìbùkún wà níkùn mi. Ó nàka, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀kan, méjì, ẹ̀kẹta ń bọ̀!" Oṣù yẹn kò parí tí ibà fi gbé Ọlẹ́wà lọ. Mo mọ̀ pé ibà ni. Dókítà fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Kì í ṣe òpè ni mí. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ lójú mi, ara mi a gbóná, ọwọ́ mi a dìde kí n tó mọ̀. Augustin ló máa ń kọ iye ọmọ wa sínú ìwékíwèé. N kò kọ ọ́ rí.

Inú ń bí mi sí ara mi, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo pe Ìbùkún, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Èyí tí mo ṣe nílé Favour, kò dára. Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú. O lè ka ọmọ níléèwé. Kò sí ohun tó máa ṣe ẹnikẹ́ni."

Ó wò mí dáadáa. Ó mú àwòrán náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. "Màámi, ẹ̀yin náà, ẹ kà wọ́n."

Àwòrán lásán! Bébà! Mo la ẹnu, mo ní "ọ̀kan," mo wá yí àwòrán náà dojú bolẹ̀. Mo ní irun ẹnì kan ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbùkún ká àwòrán náà, ó mú un lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Irun ìwọlé ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi wú. Ìbùkún kò tíì ka ọmọ kankan. Ó ń mú àwòrán náà kiri bí ẹni mú ọmọláńgidi, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò bi í léèrè. Ojú ń tì mí láti bi í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Kí n kọ ọ́ ní kíákíá kí inú tó tún bí mi.

Dìrẹ́tọ̀ Mouftaou jókòó, Tátà Barakatou dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sí ẹ̀yìn, kí n má gbin. Dìrẹ́tọ̀ ń sọ Nàgó bíi tiwa, ó kí Ìbùkún dáadáa, ó gbé àwòrán igi máńgòrò síwájú rẹ̀. "Ọmọ mélòó ló wà lábẹ́ igi yìí?"

Ìbùkún bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo gbójú sókè wo àjà. Ó fi ìka sórí àwòrán, kì í ṣe sí orí wọn, ìsàlẹ̀ ni ó fi sí. Ètè rẹ̀ ń mì.

Ó ní, "Bàtà mẹ́tàlá."

Dìrẹ́tọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún Tátà, Tátà ní, "Ẹni kankan ò bi ọ́ ní bàtà!"

Ìbùkún gbé ìka sí ẹ̀gbẹ́ igi náà. Ó ní, "Ọ̀kan wà lẹ́yìn igi, kò hàn. Ó di mẹ́rìnlá. Méjì-méjì lọ́nà méje." Ó wá sọ ọ́ ní Faransé kó lè yé Tátà: "Sept."

"Mẹ́fà ni wọ́n," ni Tátà wí, "ẹ wò ó, Dìrẹ́tọ̀, kò ka ọmọ kankan, ó tún ṣì í."

N kò lè jókòó mọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi! Ẹ ti fi ìlà pupa méjì pa á lẹ́ẹ̀kan!" Dìrẹ́tọ̀ na ọwọ́ sí mi kí n rọra. Ó gbé àwòrán náà súnmọ́ ojú, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú. Ní ẹ̀gbẹ́ igi náà, ẹsẹ̀ kan yọ jáde, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú bàtà, ti ọmọ tó sá pamọ́ nínú eré.

Ó fi ìka kan ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Tátà, ọdún mélòó la ti ń lo ìwé yìí?"

Tátà ní, "Ọdún mẹ́rin."

"Gbogbo ọmọ tó sọ pé mẹ́fà, a gbà á fún wọn?"

Tátà tẹ̀ síwájú wo àwòrán náà. Dìrẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín, ó bi Ìbùkún ìdí tó fi ń ka bàtà. Ìbùkún ní, "Nítorí wọn kì í ka ọmọ. Bàtà kì í ṣe ọmọ." Dìrẹ́tọ̀ mú bíìkì, búlúù ni, ó fagi lé ohun tí Tátà kọ, ó kọ tirẹ̀ sí i: CI.

Mo retí kí Tátà bẹ ọmọ mi. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá Ìbùkún, ẹ ṣeun." Ṣeun kí ni? Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ mo ra bẹinyé onífúláwà gbígbóná fún Ìbùkún lọ́nà, ó kà á: mẹ́jọ. Ó fún mi ní mẹ́rin.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ forúkọ Ìbùkún sílẹ̀ fún CI. Augustin wà níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n fún ní fíṣì ìforúkọsílẹ̀. Moucharaf, akọ̀wé ilé-ìwé, ní kí n tètè kún un, èrò pọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ, mo kọ ọ́. Ọjọ́ ìbí, mo kọ ọ́. Iṣẹ́ ìyá: adirí. Lẹ́yìn náà ló kàn mí: Nombre d'enfants. Iye ọmọ.

Bíìkì dúró lọ́wọ́ mi. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi pòṣé. Moucharaf ní, "Màdáámù, iye ọmọ yín lásán ni wọ́n bi yín." Lásán! Mo fẹ́ da ọ̀rọ̀ sí i lára.

Ìbùkún fa ìró mi. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́: "Màámi, ẹ ka bàtà."

Mo pa ojú dé. Mo tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ilé mi ní méjì-méjì, ti Dàpọ̀, ti Ìbùkún, ti Báyọ̀. Mo lọ sábẹ́ ibùsùn, mo ṣí páálí náà, mo mú èyí tó pupa jáde, mo tò ó tì wọ́n. Bàtà mẹ́jọ. Mo la ojú, mo kọ ọ́: 4.

Moucharaf ṣí ìwé àtijọ́, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Màdáámù, mẹ́ta ni bàbá wọn kọ lọ́dún tó kọjá. Mẹ́ta ni ọmọ yín."

Mo ní, "Mẹ́rin ni. Ọ̀kan wà lẹ́yìn igi."